Kí ló dé tí èèyàn fi kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán Japan àtijọ́?

Ẹnìkan béèrè pé nínú àwọn àwòrán ilẹ̀ Japan tí wọ́n ń gbẹ́ sára pákó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ló dé tí èèyàn fi máa ń rí bíńtín lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè àti omi? Ṣé àwọn ayàwòrán náà ò ka ọmọ aráyé sí ni?

Wọ́n kà wá sí gan-an. Ẹ wo èyí tó lókìkí jù, ìgbì òkun Kanagawa tí Katsushika Hokusai yà ní nǹkan bí ọdún 1831. Ìgbì yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn ń rí. Ọkọ̀ mẹ́ta wà lábẹ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré gbé ẹja lọ sọ́jà Edo, ìlú tó di Tokyo lónìí. Àwọn atukọ̀ tẹ̀ ba sórí àjẹ̀ wọn. Lójú tèmi, wọn ò bá omi jà rárá. Wọ́n ń fara balẹ̀ kó lè kọjá ni. Òkè Fuji wà lọ́ọ̀ọ́kán, kò mì.

Ìgbì yẹn wà lára ọ̀wọ́ àwòrán tí Hokusai yà nípa Òkè Fuji. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀wọ́ náà ni ti ìlú Ejiri. Ìjì já akẹtẹ̀ gbà lórí ọkùnrin kan, ó sì fọ́n bébà obìnrin kan ká ojú ọ̀run. Ta ló lè ya afẹ́fẹ́? Lára àwọn arìnrìn-àjò wọ̀nyẹn la ti ń rí i. Ẹ yọ wọ́n kúrò, ìjì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn. Ayàwòrán mìíràn, Utagawa Hiroshige, náà fi òjò ṣe bẹ́ẹ̀ ní Shōno, lójú ọ̀nà Tōkaidō tó so Edo mọ́ Kyoto: àwọn kan ru èrò gun òkè, àwọn kan ń sáré sọ̀ kalẹ̀, ojú wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn.

Ọ̀rọ̀ ìsìn tún wà níbẹ̀. Nígbà yẹn, àwọn ará Edo ń bọ Fuji, bí ará Ìbàdàn ṣe ń bọ Òkè'Bàdàn, ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n sì ń gùn ún. Òkè oníná ni: nígbà tó bú ní 1707, eérú rẹ̀ dé Edo. Hokusai ya àwọn olùjọsìn náà bí wọ́n ṣe há mọ́ra wọn nínú ihò àpáta. Ṣóńṣó Fuji tí a mọ̀ ò sí nínú àwòrán yẹn, torí orí òkè náà gan-an ni wọ́n wà.