Èsì: Bátìrì 200Ah tí kì í ju wákàtí mẹ́rin lọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bátìrì olómi 12V 200Ah tí ẹ rà kì í lò ju wákàtí mẹ́rin lọ; ẹ má tíì bá ẹni tó tà á fún yín jà. Ẹ ní fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n àti fìríìjì ló ń gbé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: 12V lọ́nà 200Ah jẹ́ 2,400Wh (watt-hour, ìyẹn ìwọ̀n agbára iná tó wà nínú rẹ̀). Kò yẹ kí ẹ lo agbára bátìrì olómi kọjá ìdajì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tètè kú. Ó ku 1,200Wh. Inverter náà á jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ fojú bù ú sí 1,000Wh. Fáànù méjèèjì lápapọ̀ 140W, tẹlifíṣọ̀n 60W, fìríìjì bíi 60W tí a bá pín in dọ́gba, torí ó máa ń ṣiṣẹ́, á tún sinmi: àpapọ̀ 260W. Ẹ fi pín 1,000, kò tilẹ̀ pé wákàtí mẹ́rin. Bátìrì ò jẹ̀bi.

Ẹ yọ fìríìjì kúrò lórí inverter lálẹ́. Ẹ kó ìgò omi sínú rẹ̀ kó dì nígbà tí iná NEPA bá wà, kí inú rẹ̀ lè máa tutù lálẹ́. Ẹ fi fáànù DC (èyí tó ń lo iná bátìrì tààrà) méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ju 30W lọ rọ́pò ti àtijọ́, ẹ ó rí nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ. Omi bátìrì ńkọ́? Distilled water (omi tí a ti yọ èròjà inú rẹ̀ kúrò) nìkan ni o, omi ẹ̀rọ ń ba àwo òjé inú rẹ̀ jẹ́.