Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Kòkòrò Tí Ó Tún Yọ Lẹ́yìn Tí A Fín Kòkó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdànrè ni oko kòkó mi wà. Nínú oṣù Kẹjọ, mo rí àwọn kòkòrò aláwọ̀ ilẹ̀ lára èso àti ọ̀mùnú kòkó, àmì dúdú kéékèèké sì wà níbi tí wọ́n bà sí. Mo fín oògùn, n kò sì rí ẹyọ kan mọ́. Nígbà tí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn kéékèèké tí kò ní ìyẹ́, tí ara wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ti gba ibẹ̀. Ṣé kòkòrò mìíràn ni, àbí ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún mi? Ṣé àmì dúdú yẹn ni àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe kòkòrò mìíràn, ọmọ àwọn tí ẹ pa ni, ohun tí ẹ sì ṣàlàyé yìí nìkan kò tó láti dá oògùn náà lẹ́bi. Mírìdì ni kòkòrò yìí, èyí tí ó sì wọ́pọ̀ jù nínú oko kòkó Nàìjíríà ni Sahlbergella singularis. Ìbátan ìdun ni. Bí ìdun ṣe ń fi ẹnu tó dà bí abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni mírìdì ń fi tirẹ̀ fa omi ara igi. Àgbà rẹ̀ gùn tó mìlímítà 8 sí 10, ó ní ìyẹ́, ó sì lè fò láti igi dé igi.

Ibi tí abo ń yé sí ni ọ̀rọ̀ yín wà. Kì í yé ẹyin sí gbangba, ńṣe ni ó máa ń tì í bọ inú èèpo ẹ̀ka tútù tàbí èèpo èso, tí ó fi jẹ́ pé fọ́nrán tíntìnnì méjì nìkan ni ó ń yọ síta. Ẹyin funfun náà kò tó mìlímítà 2, oògùn tí a fín sì ṣòro láti kàn án níbi tí ó sá sí. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ jáde. Ọmọ yìí kì í di ìdin tàbí kí ó wé ara rẹ̀ pamọ́ bí ti labalábá. Ó ti jọ ìyá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi ti ìyẹ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni yóò bọ́ awọ ara sílẹ̀ bí ejò kí ó tó dàgbà, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Nítorí náà ni a ṣe ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn láti tún fín ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn àkọ́kọ́, nígbà tí àwọn ẹyin ti pa tán, tí àwọn ọmọ kò sì tíì dàgbà tó láti yé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wá Gamalin, oògùn kòkòrò àtijọ́, lọ: lindane, èròjà olóró inú rẹ̀, wà lára èyí tí Àdéhùn Stockholm, àdéhùn àgbáyé lórí èròjà olóró, fi òfin dè ní 2009.

Ní ti àmì dúdú, àrùn èso dúdú máa ń ràn títí yóò fi bo gbogbo èso. Ojú ibi tí mírìdì fa kì í tóbi tó bẹ́ẹ̀; yóò wà ní róbótó, yóò gbẹ. Èso tó ti gbó kì í fi bẹ́ẹ̀ fara gbá. Ọ̀mùnú ni kí ẹ bẹ̀rù fún, nítorí itọ́ kòkòrò náà ń pa ara igi níbi tí ó gún, olú àìfojúrí a sì gba ojú ọgbẹ́ náà wọlé, títí ẹ̀ka yóò fi gbẹ láti orí wá.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni kòkó ti wá, ṣùgbọ́n ọmọ igbó wa ni mírìdì. Ó ti ń jẹ obì àbàtà àti àràbà kí kòkó tó dé. Ó fẹ́ràn ibi tí igi ti kú tàbí tí a gé ibòòji kúrò, tí oòrùn ń wọlé gan-an, nítorí náà ẹ gbin igi dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì pa èèrà pupa tí ń fi ewé rán ilé lórí igi, bí ó tilẹ̀ ń ta yín nígbà ìkórè, torí ó ń pa mírìdì. Ọ̀sán ni mírìdì máa ń sá pamọ́. Ẹ lọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí ẹ wo abẹ́ èso àti ibi tí èso ti fara kan igi.