Ẹ Bi Wá: Ìtàn Ìfẹ́ Tí Oògùn àti Iwin Wà Nínú Rẹ̀

Lẹ́tà tó dé lóṣù yìí lórí ìtàn àròsọ ìfẹ́ tó ní oògùn àti iwin nínú ju ohun tí ojú ewé yìí lè gbà lọ. A mú mẹ́fà. Méjì nínú wọn béèrè ohun kan náà, a sì fi ìdáhùn kan ṣe méjèèjì.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Nínú ìtàn tí mò ń kọ, ọmọbìnrin kan fẹ́ràn ọdẹ tó ní egbé. Mo ti kọ orí 9, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi tó kà á ní àyà òun kò já rárá. Kí ló fà á? (Akẹ́kọ̀ọ́, Mọ́dákẹ́kẹ́)

Egbé yẹn ló fà á. Ẹni tó bá ní egbé kò mọ ìyà ọ̀nà. Wàhálà dé, ó pòórá, ó ti di ilé. Kánàkò, àfẹ́ẹ̀rí àti gbètugbètu náà ń ba ìtàn jẹ́ bákan náà. Oògùn tó ń jẹ́ nígbà gbogbo, tí kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó, kì í jẹ́ kí òǹkàwé bẹ̀rù fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: oògùn tó lágbára ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ẹ wá èèwọ̀ fún egbé ọdẹ yín, kí ẹ sì so ó mọ́ ìfẹ́ náà gan-an. Bí èèwọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ pé kò gbọdọ̀ jẹ àdín, kò kan ọmọbìnrin náà. Ṣùgbọ́n bí egbé kò bá lè gbé ẹni méjì, ìtàn ti yí padà nìyẹn: ọdẹ lè sá, kò lè gbé olólùfẹ́ rẹ̀ sá. Tàbí kó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá lò ó, orúkọ ẹnì kan á pa rẹ́ lọ́kàn rẹ̀, kò sì mọ ti ẹni tó máa kàn. Ọ̀kan péré ni kí ẹ mú. Èèwọ̀ mẹ́ta nínú ìtàn kan ti di ìwé òfin, òǹkàwé á gbàgbé méjì nínú rẹ̀.

Ibi tí ẹ máa fi í sí náà ṣe pàtàkì. Bí ìwé yín bá máa jẹ́ orí 30, ẹ jẹ́ ká gbọ́ èèwọ̀ náà kí orí 3 tó parí, láti ẹnu ẹni tí ohun mìíràn ń dùn nígbà tó ń sọ ọ́. Ní nǹkan bí orí 15, kí ọdẹ pa á mọ́, kí ìpamọ́ náà sì ná an ní nǹkan. Láàárín orí 22 sí 24 ni kó rú èèwọ̀ náà. Nígbà tó bá máa rú u, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ìgbàgbé. Kí ó mọ ohun tó ń ṣe, kó sì ṣe é nítorí obìnrin náà.

Ẹ yẹ àlọ́ ọdẹ tó rí àgbọ̀nrín tó bọ́ awọ di obìnrin wò. Ó gbé awọ pamọ́ sí àjà, ó fẹ́ ẹ, èèwọ̀ kan ṣoṣo sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ibi tó ti wá. Wọ́n fi ọtí tú ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkọ, ìyáálé sì fi orin sọ fún un pé awọ rẹ̀ wà lájà. Gbogbo ohun tí ìtàn ìfẹ́ nílò wà níbẹ̀. Ibi tí àwọn tó ń kọ ọ́ tuntun ti máa ń ṣìṣe ni ọ̀dọ̀ ìyáálé: wọ́n á sọ ọ́ di ìkà lásán. Ẹ fún obìnrin yẹn ní ọdún 12 nínú ilé kan náà kí àlejò tó dé, kí ẹ wá wò ó bóyá orin rẹ̀ kò ní wọ òǹkàwé lọ́kàn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ló ń kọ ìtàn ayé àtijọ́. Gbogbo ojú ewé ni àwọn méjì yẹn ti ń pe ara wọn ní “olólùfẹ́ mi”. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, kò gbà. Ẹ bá mi bá a sọ ọ́. (Ìyá aláṣọ, ọjà Àtàkúmọ́sà, Iléṣà)

Ìyá wa, ẹ jàre rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ń kà á: àwọn tí ò ń kọ nípa wọn ní ọ̀nà tó dùn ju ìyẹn lọ láti sọ ọ́.

Ọ̀kan ni àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ránṣẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ẹ̀fà ni, nítorí náà ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí ẹni tó gbà á. Bí ẹni náà bá gbà, á so mẹ́jọ padà. Ẹ̀jọ ni, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ẹyọ méjì tó kọjú síra wọn lórí okùn jẹ́ àmì ìrẹ́pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀yìn síra wọn, ìjà dé. Wo ohun tí èyí fún ọ: okùn tó yí lọ́nà nínú àpò alárinà lè sọ ìrẹ́pọ̀ di ìkọ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Ọmọ kékeré lè tú ẹyọ méjì kúrò lára mẹ́jọ láti fi ṣeré, kí ìdáhùn padà di ìbéèrè. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀, kò sí ọ̀tá níbẹ̀, síbẹ̀ orí méjì gbáko ti jáde nínú rẹ̀.

Èkejì ni oríkì. Fún ọmọbìnrin náà ní oríkì láti ìbẹ̀rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ tàbí Àṣàkẹ́, kí ìyá rẹ̀ àgbà nìkan máa fi pè é. Má jẹ́ kí ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ pè é ní Àbẹ̀kẹ́, bóyá ní ìdajì ìwé, òǹkàwé á mọ̀ pé nǹkan ti yí padà láìsí pé o sọ ọ́.

Má fo ìlànà ìgbéyàwó náà: ìfojúsóde, alárinà, ìwádìí, ìjọ́hẹn, ìtọrọ, ìdána. Ìpele kọ̀ọ̀kan lè bàjẹ́ lọ́nà tirẹ̀. Ìwádìí ló dùn jù, torí ibẹ̀ ni àṣírí ìdílé ti ń jáde. Nígbà tó bá sì dé ilé ọkọ, kò gbọdọ̀ pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Adúmáadán, Ìbàdí-àrán àti Ìdílẹ̀kẹ̀ ló máa fi pè wọ́n. Bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ọ̀kan nínú wọn ní gbangba, ó ti fọ́ nǹkan nìyẹn.

Ṣé mo lè fi Mọremí ṣe ìtàn ìfẹ́? (Ìrèmọ, Ilé-Ifẹ̀)
Ṣé kò ní di ẹ̀sùn bí mo bá fún Ọwá Obòkun ní ìyàwó iwin? (Iléṣà)

Ẹ ronú kí ẹ tó lo orúkọ. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún Ẹdì ní Ifẹ̀ nítorí Mọremí, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ẹ̀sìn fún sì wà láàyè. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ mú egungun ìtàn náà, kí ẹ fi orúkọ sílẹ̀. Egungun rẹ̀ nìyí: obìnrin kan jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn, ó jẹ́ kí àwọn tó ń kó ìlú rẹ̀ lẹ́rú mú òun, ó di aya ọba wọn, ó mọ̀ pé ewéko gbígbẹ ni wọ́n fi ń bora bí iwin, pé iná ló lè ṣẹ́gun wọn, ó sá padà wálé, odò sì béèrè ọmọ rẹ̀. Ọkọ méjì ló wà nínú ìtàn yẹn. Báwo ni alẹ́ rẹ̀ ṣe rí nílé èkejì? Ìtàn ẹnu kò dúró níbẹ̀, àyè yín sì nìyẹn, lábẹ́ orúkọ tí ẹ fúnra yín sọ.

Ti Obòkun náà rí bẹ́ẹ̀: Ajíbógun, ẹni tí wọ́n ń pè ní Obòkun, lọ bu omi òkun wá wo ojú baba rẹ̀ sàn, nígbà tó sì máa padà dé, wọ́n ti pín ogún tán. Ọkùnrin tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti pín gbogbo nǹkan, títí kan ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tó ìwé kan.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fojú fo ni ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀. Ẹ lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé nítòsí ààfin ní Ẹnuwá, Ilé-Ifẹ̀, kí ẹ mú ìwé àti gègé dání. Ẹ wo ìlà wẹ́wẹ́ tó sọ̀kalẹ̀ lójú àwọn orí idẹ, irú èyí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, àti ihò kéékèèké tó yí orí àwọn kan ká. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to àpáàdì ní ìnàró, tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá. Báwo ni ìyẹn ṣe máa rí lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọge tó ń sá lọ lóru láìwọ bàtà? Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ga ju mítà 5 lọ, ìṣó irin sì wà lára rẹ̀. “Òkúta gíga kan” kò tó. Ẹ̀yin ará Iléṣà, omi Olúmirin ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà ní ìpele méje, ẹ gun méjì ó kéré tán kí ẹ tó kọ pé ẹnì kan sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Oúnjẹ náà ńkọ́? Bí ìtàn yín bá wà ní ayé tí wọ́n ń rọ ìlẹ̀kẹ̀ dígí ní Igbó Olókun, ní nǹkan bí ọdún 1100 sí 1400, ẹ má fún wọn ní gààrì. Láti Amẹ́ríkà ni gbáàgúdá ti wá, lẹ́yìn ọdún 1500. Ata rodo náà bẹ́ẹ̀. Iyán àti ọkà bàbà ni kí wọ́n jẹ, kí ọbẹ̀ wọn ní ìyèré tàbí ataare.

Olùkọ́ ni mí, iná kì í dúró, àmì ohùn sì ń fò kiri lórí kọ̀ǹpútà mi. Báwo ni mo ṣe máa parí ìwé? (Lágere, Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ 500 lójúmọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ́sẹ̀ nìyẹn, ìwé ọ̀rọ̀ 60,000 á sì parí ní ọ̀sẹ̀ 20. Ẹ fi gègé kọ ọ́ sínú ìwé ní ìdájí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí iná bá dé. Àtúnṣe àkọ́kọ́ ni ìtẹ̀ náà máa jẹ́. Ẹ dá ojú ewé mélòó kan sí nínú ìwé náà fún òfin ayé ìtàn yín: èèwọ̀, oríkì, ta ló bí ta, ọjọ́ ọjà. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ojú ọ̀tún tó fọ́ ní orí 4 á di òsì ní orí 19.

Àmì ohùn yẹn ní ìdí. Lẹ́tà bíi à àti é ní kóòdù kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní, ẹ̀yà méjì ni wọ́n so pọ̀. Fọ́ǹtì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń so wọ́n á ti ohùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif ń ṣe é dáadáa. Ẹ lo kíbọọ̀dù kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí òmíràn ń to àwọn ẹ̀yà náà lọ́nà tó yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì á jọra lójú, ẹ ó wá a, kọ̀ǹpútà á ní kò sí. Bí ẹ bá ń gbé e lọ sọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé, PDF tó ti ní fọ́ǹtì nínú ni kí ẹ gbé lọ. Ẹ má fo ohùn o: “ó dì mọ́ ọkọ rẹ̀” dùn, “ó dì mọ́ ọkọ́ rẹ̀” ti di oko.

Nígbà tí mo bá parí ńkọ́? (Ìpetumodù)

Ẹ gbé e tì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wá kà á sókè, pàápàá ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn olólùfẹ́. Ilé-ìkàwé Orílẹ̀-èdè ló ń fúnni ní ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé. Òǹtẹ̀wé sábà máa ń ká ìwé ní ojú ewé 16, nítorí náà 192 tàbí 208 ló bára mu. Bí tiyín bá jẹ́ 200, ẹ ó sanwó ojú ewé 8 tó ṣófo. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníwèé ti ọdún 2022, ìtàn yín jẹ́ tiyín láti ìgbà tí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú yín. Àlọ́ tí ẹ gbé e karí kì í ṣe tiyín. Ẹlòmíràn lè kọ ọdẹ àti àgbọ̀nrín tirẹ̀ lọ́la, ẹ kò sì lè pè é lẹ́jọ́.