Ọmọ mi ń béèrè ohun tó pa àwọn "arch" pọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Deptford là ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní kí ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 9, lọ wá oríṣiríṣi ìtumọ̀ "arch". Ó ti rí ti ilé, ó rí ti àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì rí "archbishop". Ó wá bi mí pé kí ló pa wọ́n pọ̀. Yorùbá là ń sọ nílé, mi ò sì mọ ibi tí mo máa gbà ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, àbúrò mi. Inú mi dùn sí ìbéèrè ọmọ yìí gan-an.

Ọrun tí ọdẹ fi ń ta ọfà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. "Arcus" ni àwọn ará Róòmù ń pè é, ibẹ̀ ni "arch" ti wá. Ohun tó bá ti tẹ̀ bí ọrun, ìbáà ṣe ẹnu ọ̀nà, ìbáà ṣe afárá, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ mú un jáde lọ wò ó. Ojú irin tó ti London Bridge lọ sí Greenwich, tó gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, orí arch 878 ló wà, bíríkì ni wọ́n fi mọ wọ́n. Láti 1836 ni reluwé ti ń rìn níbẹ̀. Ẹ dúró lábẹ́ ọ̀kan títí reluwé yóò fi kọjá, kí ẹ wá bi í pé kí ló dé tí kò wó. Nígbà tí wọ́n ń mọ irú rẹ̀, pákó ni wọ́n máa ń fi gbé e ró nísàlẹ̀. Bíríkì á máa gòkè bọ̀ lọ́tùn-ún lósì títí wọn yóò fi pàdé lókè, wọn á sì yọ pákó kúrò. Láti ìgbà náà lọ, ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ló ń fún àwọn bíríkì náà mọ́ra, tí agbára rẹ̀ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀. Èyí ló wù mí jù kí ó mọ̀.

Àtẹ́lẹsẹ̀ náà ń gbé ẹrù: egungun 26 ló wà ní ẹsẹ̀ kan. Kó fi ẹsẹ̀ tútù tẹ pépà, ibi tí kò bá kan pépà ni arch tirẹ̀. Bí ti àbúrò rẹ̀ kékeré bá pẹlẹbẹ, ẹ má fòyà, ti ọmọdé kì í tètè hàn.

"Archbishop" kò sí nínú ẹbí yìí rárá. Èdè Gíríìkì ni "arch" tiẹ̀ ti wá, olórí ló túmọ̀ sí, bí Bíbélì wa ṣe pe Máíkẹ́lì ní olórí àwọn áńgẹ́lì. Kó kọ ọ́ sọ́tọ̀. Bí olùkọ́ bá béèrè ìdí rẹ̀, kó fi sùúrù sọ fún un pé Látìn ló bí ọ̀kan, Gíríìkì ló bí èkejì.