Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, iléèwé títì àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ orí fóònù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè bẹ́ ẹ ṣe máa dá àwọn tíṣà Gẹ̀ẹ́sì yín lẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí iléèwé wà ní títì, tẹ́ ẹ ní Zoom wákàtí méjì-méjì lẹ fẹ́ máa ṣe lọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó kankan. Iṣẹ́ yìí ni mo ṣe nígbà Kòrónà lọ́dún 2020, nígbà tí UNESCO ń sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní bílíọ̀nù 1.5 ni ò ríléèwé lọ káàkiri ayé, ojú mi sì rí nǹkan nídìí ẹ̀.

Tíṣà ò lè tipa gbígbọ́ àlàyé nìkan mọṣẹ́, àfi kó kọ́ni, kẹ́nì kan gbọ́ bó ṣe kọ́ni, kó sì sọ ohun tó gbọ́ fún un. Lórí Zoom, ẹ̀yin lẹ máa sọ̀rọ̀ jù, nẹ́tíwọ̀kì á já, dátà á tán, ẹni tí ò fẹ́ sọ̀rọ̀ á pa kámẹ́rà, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ yín, tó bá tún wá jẹ́ ti ọ̀fẹ́ lẹ ń lò, ìṣẹ́jú 40 pé, ó ti já yín sílẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lò ó rárá o, ẹ lò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí wọ́n lè mojú ara wọn, ó tó.

Fóìsì nóòtì orí WhatsApp ni kẹ́ ẹ gbára lé. Iṣẹ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, ti ẹnu ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ bíi record, tó bá jẹ́ orúkọ nǹkan, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ la máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, ìparí ẹ̀ ni, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ tẹ ìyẹn sórí ìwé kó dún létí èèyàn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fohùn yín ránṣẹ́, tíṣà á gbọ́ ọ, á tún un gbọ́, á sì pe tiẹ̀ padà fún yín.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú lọ́sẹ̀ kan. Èyí tó ṣe wá lóore jù ni bí tíṣà ṣe ń sọ fọ́mọ ohun tó máa ṣe. Ẹ ní kí kálukú gba ohùn ara ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì, ẹ máa gbọ́ nǹkan bíi "What I want all of you to do for me now is that you should open your books and look at the picture but you should not start writing." Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti sọnù kó tó dé ìdajì. Ẹ jọ gé e: "Open your books. Look at the picture. Don't write." Kó wá bi wọ́n pé "Do we write now?" Ìgbà tí wọ́n bá dáhùn "No" ló máa mọ̀ pé ó yé wọn, torí "Do you understand?" yẹn, gbogbo ọmọ ló máa ń dáhùn "Yes" sí i, ó yé wọn o, kò yé wọn o.

Tí wọ́n bá ní àwọn ò rọ́mọ kọ́, ọmọ inú ilé ńkọ́, ọmọ aládùúgbò tóbìí ẹ̀ bá gbà ńkọ́, tàbí kí tíṣà ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe bí ọmọ lórí fóònù. Ohùn nìkan ni kí wọ́n gbà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, ẹ má bèèrè fídíò, ó ń jẹ dátà, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n máa ṣe ojú ayé. Lẹ́yìn náà kí tíṣà fúnra ẹ̀ gbọ́ ọ, kó wò ó bó ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn tó bi ọmọ ní ìbéèrè kó tó dá ara ẹ̀ lóhùn. Olùwádìí ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ Mary Budd Rowe ti ṣèwádìí èyí ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni tíṣà máa ń dúró, tó bá sì dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn ọmọ á gùn sí i. Mo ṣàlàyé èyí fáwọn tíṣà mi títí, wọn ò gbà, àfìgbà tí wọ́n gbóhùn ara wọn.

Ẹ má kó gbogbo wọn sínú gúrúùpù kan. Èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó, kí ọ̀gá iléèwé wọn má sì sí níbẹ̀, torí tó bá wà níbẹ̀, ẹnu wọn á wúwo. Màmá kan wà nínú wọn tó ti ń kọ́ni tipẹ́, ojú ń tì í torí Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọ̀dọ́ yá ju tiẹ̀ lọ, èmi nìkan ló ń fohùn ránṣẹ́ sí. Ẹ gbọ́, kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe kedere fọ́mọdé tó tiwọn! Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, mo jẹ́ káwọn yòókù gbọ́ ohùn wọn, bí màmá ṣe di ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè nìyẹn.

Gbogbo ohùn tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lẹ gbọ́dọ̀ fohùn dáhùn, ohun kan tó dáa, ohun kan tí wọ́n máa tún ṣe. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ gan-an ló ṣì, ìkọ̀kọ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́. Èyí ló ń gba àkókò jù, torí náà ẹ má gba tíṣà tó pọ̀ ju iye tẹ́ ẹ lè dá lóhùn lọ. Àwọn tí fóònù wọn ò gbé WhatsApp, ẹ pè wọ́n, ìpè kúkurú lọ́sẹ̀.

Tíṣà yín tó mélòó, irú fóònù wo ló sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn? Ẹ kọ ọ́ síbí, màá sọ bẹ́ ẹ ṣe máa pín wọn.