Róbọ́ọ̀tì Wo Ni Kí N Mú Lọ Sójú Ìjà?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú ọ̀wọ́n, ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń gbá géèmù MechWarrior Online lórí kọ̀ǹpútà mi. Róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní Atlas ni mo kọ́kọ́ ra, nítorí pé 100 tọ́ọ̀nù ni ó wọ̀n, mi ò sì rí èyí tó tóbi jù ú lọ. Mo di ìbọn lésà kún ara rẹ̀ títí kò fi sí àyè mọ́. Síbẹ̀, bí mo bá yìn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì péré, róbọ́ọ̀tì náà á gbóná, á sì dákú lójú ìjà. Kó tó jí, wọ́n ti pa mí. Ṣé kí n ta á ni, kí n ra òmíràn?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ta á. Àkókò Atlas yín ń bọ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kí ẹ fi kọ́ ìjà. Ìsọ̀rí mẹ́rin ni wọ́n pín àwọn róbọ́ọ̀tì eré yìí sí: àwọn tó fúyẹ́ wọn 20 sí 35 tọ́ọ̀nù, àwọn alábọ́ọ́dé wọn 40 sí 55, àwọn tó wúwo wọn 60 sí 75, àwọn òmìrán sì wọn 80 sí 100. Ènìyàn 12 ló máa ń dojú kọ 12, wọn kì í sì í sábà dúró de ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí róbọ́ọ̀tì yóò ṣe yára tó, ẹ sọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ di ìlọ́po 16.2, kí ẹ fi ìwọ̀n róbọ́ọ̀tì náà pín in. Iye kìlómítà tí yóò máa rìn ní wákàtí kan nìyẹn. Atlas tó gbé ẹ́ńjìnnì 300 kò lè kọjá 48.6, nígbà tí Hunchback, tó jẹ́ 50 tọ́ọ̀nù, yóò lé díẹ̀ ní 84 tí ẹ bá fi ẹ́ńjìnnì 260 sí i. Ẹni tó ń wọ́ rìn lẹ́yìn ni àwọn róbọ́ọ̀tì ọ̀tá tó fúyẹ́ máa ń yí po, tí wọ́n á sì máa yìnbọn lù ú ní ẹ̀yìn, níbi tí ìhámọ́ra rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe lójú ìjà ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀: ṣé amí ni, ṣé ìjà àfojúkojú ni, àbí ìbọn àtòkèèrè? Ní tèmi, alábọ́ọ́dé ni mo fẹ́ kí ẹ mú, nítorí pé ó yára ju òmìrán lọ, kò sì tètè kú bí èyí tó fúyẹ́. Kí ẹ tó ná C-Bills yín, ìyẹn owó inú eré náà, ẹ fi àwọn róbọ́ọ̀tì ìdánwò tí eré náà ń yáni lọ́fẹ̀ẹ́ jà ná, torí pé róbọ́ọ̀tì tí a bá tún tà kì í mú owó tí a fi rà á wálé.

Ohun tó ń pa yín gan-an wà nínú Mechlab, ibi tí a ti ń tún róbọ́ọ̀tì tò. Ìbọn ni ẹ fi ṣáájú, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó kẹ́yìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí egungun. Egungun lásán máa ń kó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n róbọ́ọ̀tì. Endo steel, irú egungun tó fúyẹ́, kì í gbà ju ìlàjì ìyẹn lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé Hunchback yóò jèrè tọ́ọ̀nù 2.5, ṣùgbọ́n àyè 14 ni yóò fi dí nínú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì XL ti Inner Sphere, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ méjì tó ni róbọ́ọ̀tì nínú eré náà, fúyẹ́ gan-an ju ẹ́ńjìnnì lásán lọ, àmọ́ ó nà wọ ìhà ọ̀tún àti ti òsì. Bí ọ̀tá bá ti fọ́ ìhà kan péré, ó parí. Abuké sì ni Hunchback: orí iké ọ̀tún rẹ̀ ni ìbọn ńlá rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni gbogbo ọ̀tá ń fojú sùn. Mi ò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi XL sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ooru. Lésà alábọ́ọ́dé kò ju tọ́ọ̀nù kan lọ, kì í sì í jẹ ọta, ìdí nìyẹn tí ó fi ń wu ènìyàn láti kó o jọ. Ṣùgbọ́n gbogbo yíyìn ló ń dá ooru sílẹ̀, ẹ̀rọ ìmútutù nìkan ló sì ń gbé e kúrò, díẹ̀díẹ̀. Eré náà tún máa ń fi ooru mìíràn kún un fún ẹni tó bá yin ọ̀pọ̀ ìbọn irú kan náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yọ díẹ̀ nínú lésà wọ̀nyẹn, kí ẹ fi ẹ̀rọ ìmútutù onílọ̀ọ́po méjì dí àyè wọn, kí ẹ sì pín àwọn tó kù sí ọ̀wọ́ méjì tí ẹ ó máa yìn tẹ̀léra. Ẹ má sì ṣe kó ìbọn tí ìṣe wọn kò bára mu jọ: rọ́kẹ́ẹ̀tì àtòkèèrè LRM ti Inner Sphere kò lè pa ohunkóhun lára tí ọ̀tá bá ti wà láàárín 180 mítà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni lésà alábọ́ọ́dé ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè dín ìhámọ́ra kù kí n lè rí àyè fún ìbọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ lè dín ti apá tí kò gbé ìbọn kankan kù. Ẹ tún lè kó púpọ̀ nínú ti ẹ̀yìn wá sí iwájú, nítorí pé iye kan náà ni iwájú àti ẹ̀yìn àyà jọ ń pín. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ti ẹsẹ̀ bí róbọ́ọ̀tì yín bá fúyẹ́. Bí ẹsẹ̀ kan bá lọ, ó di arọ. Bí èkejì bá tún lọ, ó kú, kódà bí gbogbo ìbọn rẹ̀ bá wà níbẹ̀.