16 GB tí kò ṣeé fi kún, àbí 8 GB tó ṣì láàyè nínú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì méjì ni mo ń wò, mi ò sì mọ èyí tí màá mú. Processor kan náà, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló wà nínú àwọn méjèèjì, SSD 512 GB ni méjèèjì ní, owó wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èkínní kéré, kò ju ìwé ńlá méjì tí a tò léra lọ, RAM rẹ̀ sì jẹ́ 16 GB. Èkejì tóbi bíi páálí, 8 GB péré ni RAM tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á ní "àyè ṣì wà nínú rẹ̀." Lẹ́tà àti ìṣirò owó ni mò ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, mo sì máa ń gé fídíò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ lò ó fún ọdún márùn-ún, ó kéré tán. Ṣé kí n kúkú mú 16 GB kí n máa lọ?

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ èmi ni, èkejì ni màá rà, màá sì ra 8 GB mìíràn kún un kí n tó gbé e délé. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sanwó o. Ọ̀rọ̀ ẹnu òǹtàjà ni "àyè ṣì wà". Ojú yín ló yẹ kó rí i.

512 GB tí ẹ dárúkọ yẹn, ibi ìpamọ́ ni. Bí ìwé tí a kọ nǹkan sí ló rí: iná lọ, iná dé, ohun tí ẹ kọ ṣì wà níbẹ̀. RAM ni ìrántí gan-an, ohun tí kọ̀ǹpútà ń rò lọ́wọ́. Bí iná bá ti kúrò lára rẹ̀, ó ti gbàgbé gbogbo rẹ̀. Bí ìrántí yìí bá kún, kọ̀ǹpútà á máa sáré lọ kọ ohun tó ń rò sínú ìwé, á tún máa sáré padà wá kà á. SSD yá lóòótọ́, àmọ́ kò yá tó RAM rárá. Windows 11 ní 4 GB ti tó òun láti gbéra. Gbígbéra yàtọ̀ sí iṣẹ́. 8 GB á gbé lẹ́tà àti ìṣirò yín, fídíò ni yóò mú un mí hẹlẹ.

Kí ló wá dé tí mi ò fi ní kí ẹ mú 16 GB? Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré, wọ́n ti jó RAM mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ (motherboard), kò ṣeé yọ. Ti Mac mini tí Apple gbé jáde ní 2020 pẹ̀lú processor M1 tiẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀: ojú kan náà pẹ̀lú processor ni ìrántí rẹ̀ wà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bí ẹ ṣe rà á ni yóò ṣe darúgbó. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ sí i ní ọdún kẹta, odidi ẹ̀rọ lẹ ó pààrọ̀. Àwọn kékeré mìíràn wà tó ń lo SODIMM, RAM kúkúrú tó máa ń wà nínú laptop, tó ṣeé yọ. Bó bá jẹ́ irú ìyẹn ni, ẹ lè mú un láìkábàámọ̀.

Ní ti èkejì, ẹ ní kí wọ́n tan án. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager á yọ; ẹ lọ sí Performance, kí ẹ tẹ Memory, kí ẹ sì wo iwájú "Slots used," ìyẹn iye ihò RAM tó ti ní nǹkan nínú. Bó bá jẹ́ 1 of 2 tàbí 1 of 4, àyè wà lóòótọ́. Bó bá jẹ́ 2 of 2, a jẹ́ pé 4 GB méjì ni wọ́n fi ṣe 8 GB yẹn, ẹ ó sì ní láti yọ wọ́n kúrò kí ẹ tó lè fi tuntun sí i. Òǹtàjà lè má mọ èyí o, kì í ṣe pé ó fẹ́ rẹ́ yín jẹ.

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, inú mi á dùn fún yín. Tí ẹ bá fi 8 GB kejì sí ihò tó tọ́, yàtọ̀ sí pé ó di 16 GB, ọ̀nà tí dátà ń gbà láàárín RAM àti processor á di méjì. Níbi tí kò bá sí káàdì àwòrán, RAM yìí kan náà ni processor ń yá lò láti fi yàwòrán, nítorí náà ẹ ó rí ìyàtọ̀ rẹ̀ nídìí fídíò. Lórí pátákó oníhò mẹ́rin, ìwé motherboard ló máa sọ ihò tó tọ́. Wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ fo ọ̀kan láàárín. Inú ìwé yẹn náà lẹ ó ti rí iye RAM tó lè gbà mọ.

Ẹnìkan gbé RAM irú DDR5 wá bá mi rí, ó ní nọ́ńbà rẹ̀ ga ju DDR4 inú ẹ̀rọ òun lọ, ó dájú pé á yá jù ú lọ. Kò wọlé. Eyín 288 ni méjèèjì ní, wọ́n jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gé lábẹ́ wọn kò ṣe déédéé ara wọn. Irú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ ni kí ẹ rà.

Àyè fún SSD tàbí háàdì dísìkì kejì máa ń wà nínú ẹ̀rọ ńlá. Bí ẹ bá ń ro káàdì àwòrán lọ́jọ́ iwájú, ẹ wo power supply rẹ̀, àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ: wáàtì 75 ni ihò káàdì fúnra rẹ̀ lè fún un, káàdì tó bá ń jẹ ju ìyẹn lọ nílò wáyà tirẹ̀.

Bí ẹ bá mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa ṣí ẹ̀rọ yẹn láé, ẹ yáa mú 16 GB. Bí ẹ bá máa ṣí i, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ṣíṣí rẹ̀ á ba wàráńtì jẹ́, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sórí rìsíìtì yín.